Nọ́ọ̀tì Kan Lọ́nà Òkìtìpupa

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tí kò bá tíì fi èjìká ti sípánà títí ọrùn rẹ̀ fi ń dún kò tíì mọ ohun tí irin lè fi ojú ọmọ ènìyàn rí. Èmi mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú kan ni mo rà lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí epo pupa wa ní Akotogbo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tà dáadáa.

Kò sí mẹkáníìkì kankan lágbègbè wa nígbà náà. Òkìtìpupa lèèyàn ń lọ kó tó rí ẹni tó mọ inú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ tó bá sì ti kú kò lè gbé ara rẹ̀ débẹ̀. Èmi fúnra mi ni mò ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó yẹ kó tú wéré á gba gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́ mi, á sì tún bó mi láwọ ọwọ́. Epo pupa ni gíríìsì mi. Bí ọyẹ́ bá dé, á dì gbagidi. Mo bú ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà, mo bú ẹni tó tà á fún mi, mo bú orí ara mi. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko á rí ẹsẹ̀ mi méjèèjì níta, wọ́n á ní, "Onímọ́tò, ṣé ìwọ lo ni ọkọ̀ ni, àbí ọkọ̀ ló ni ọ́?"

"Ẹni tó bímọ ọ̀ràn náà ní í pọ̀n ọ́n," ni èmi náà á fi dá wọn lóhùn.

Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà fi ń dógùn-ún ju ti ibòmíràn lọ.

Aláàdúrà ni ìyá mi, aláṣọ funfun. Ọjọ́ tí mo gbé ọkọ̀ náà délé, kò gbé ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ó ní kí n ní sùúrù ná. Àwọn ará ìjọ wa tó ń bá àwọn Ìlàjẹ ṣòwò ẹja máa ń bu omi òkun bọ̀ fún un, ṣágo kan lẹ́ẹ̀kan. Wòlíì á gbàdúrà sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ìyá mi á wá dà á sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á máa ka sáàmù bó ti ń dà á.

"Òkun kì í gba òkú," ó máa ń wí. "Bí òkú bá bọ́ sínú rẹ̀, etí omi ló ń jù ú sí. Ọma mi, ọkọ̀ tí a bá fi omi yìí wẹ̀ kò ní gbé òkú láé."

Mo ṣe àmín. Ta ni kò ní ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀?

Ìgbà tó yá, inú rírun mú ìyá mi. Ìjọ wa kì í lo oògùn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fún un lómi mu, ṣùgbọ́n inú náà le bí pákó. Èmi àti àbúrò mi obìnrin bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ ká gbé òun lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa, ó kọ̀ jálẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan ló tó wò mí lójú, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó ní, "Ẹ gbé mi lọ." Inú mi dùn dé ibi tí n kò lè sọ. Mo rò pé èyí tó le jù ti kọjá. Síbẹ̀, ó ní kí àbúrò mi da omi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ká tó lọ, kó sì rọ ìyókù sínú ìgò, kó fi í sábẹ́ àga.

A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ́. Ẹ̀rù kò bà mí, torí mo ní òmíràn lẹ́yìn ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, kí wọ́n tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ a ó ti máa lọ. Mo fi jáàkì gbé e. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mú. Mẹ́ta tú pẹ̀lú ìyà, mo tò wọ́n sórí ewé kókò. Ìkẹrin kọ̀.

Mo fi gbogbo ara tẹ sípánà. Mo dúró lé e, mo fò lé e, mo fi òkúta gbá a. Kò mira. Ìyá mi ń kérora nínú ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe kíá o!" ni àbúrò mi ń wí.

"Kí lo rò pé mò ń ṣe? Ṣé oorun ni mò ń sùn ni?" Mo jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló dè é.

Ọjọ́ ìsinmi ni, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń kọjá. Mo sáré lọ sí ẹkù tí wọ́n ti ń fún epo nítòsí, n kò bá ẹnì kan. Gbogbo wọn ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wa iná lábẹ́ eérú wọn, mo kó ògùṣọ̀, mo sáré padà, mo sì ń fi iná jó nọ́ọ̀tì náà. Iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí ìyá mi wà nínú rẹ̀! Ìgbà tí mo tún ti sípánà bọ̀ ọ́, ó yọ̀, ó fá gbogbo igun nọ́ọ̀tì náà, ó wá rí róbótó. Kò sí ibi tí sípánà tún lè dì mú mọ́. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi rí i. Iná ti mú omi ara irin náà gbẹ, ohun funfun kan sì yọ sí ìdí nọ́ọ̀tì. Mo fi ìka kàn án, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí ìyá mi ti ń da omi òkun sí i, gbogbo àmín tí mo ṣe, ó ti di ògùn-ún síbẹ̀.

Ìgbà náà gan-an ni ìyá mi pè mí.

"Ọma mi, omi wà lábẹ́ àga. Dà á sí i. Á gbọ́."

Mo mú ìgò náà, mo sì da omi sí nọ́ọ̀tì náà títí ó fi tán, mo ń ka sáàmù sókè kó lè gbọ́ ohùn mi.

"Ṣé ó ti ń gbọ́?"

"Ó ti ń gbọ́, Ìyá."

"Àmín," ló wí, ó sì di ojú.

Oòrùn ti yí kí lọ́rì agégẹdú kan tó dé. Awakọ̀ náà ṣàánú wa, ó gbé ìyá mi síwájú, àbúrò mi gbé orí rẹ̀ lé itan, èmi náà há sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Òrùlé Òkìtìpupa kò tíì hàn tí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Àbúrò mi figbe ta. Awakọ̀ rọra yí lọ́rì padà sí Akotogbo.

Bí a ti ń bọ̀, a kọjá lára ọkọ̀ mi. Ó ṣì wà lórí jáàkì, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣì wà lórí ewé kókò nílẹ̀. Àbúrò mi gbé ojú kúrò, èmi wò ó títí a fi kọjá. Àdúrà ìyá mi gbà. Ọkọ̀ mi kò gbé òkú.