Òyìnbó Tó Gbé Ilé Rẹ̀ Wá sí Ifọ̀

Baálẹ̀ wa kò jẹun ọ̀sán lónìí títí a fi yanjú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan.

Tọkọtaya òyìnbó tó ń rìn kiri wo àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ wa ló wà á dé. Bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù wà nínú ọkọ̀ náà, ó tún ní kọ́tìnnì. Wọ́n dúró sí ọ̀ọ́kán ilé Baálẹ̀, wọ́n sì jókòó sínú, wọ́n ń mu tíì.

Baálẹ̀ ní fún mi, "Tíṣà, ṣé wọn ò mọ̀ pé àlejò ló ń kí onílé ni?"

Mo lọ kan ilẹ̀kùn. Òyìnbó ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ilé wa nìyí. Baálẹ̀ la ń retí."

Mo jíṣẹ́ náà fún Baálẹ̀.

"Kí n lọ kí àlejò lójúde baba mi?"

Mo bá ní kí òyìnbó wa ọkọ̀ síwájú, títí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi dojú kọ ìloro. Kò sẹ́ni tó dìde.

"Baba, ilé wọn ti wá kí yín."

Baálẹ̀ rò ó díẹ̀. "Ó káre. Ẹ ní kó jókòó."

Ìgbà náà ni Baálẹ̀ tó jẹun.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó gbé ilé rẹ̀ wá bá yín lójúde, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnìkejì?