Wọ́n Ní Làpálàpá Ni

Oríńdán ni gbogbo àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ náà, torí pé bó bá fárí fún ọ, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí abẹ tó ń kan orí ẹnìkejì láì tíì fi sípíríìtì nù ún. Nígbà tí ara rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì gbígbẹ ní ìdí àti itan, tó sì ń yún un, ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

"Làpálàpá ni," ni dókítà àkọ́kọ́ wí, láì dìde níjòókòó. Ó fún un ní ìpara. Dókítà kejì ní ọṣẹ tó ń lò ni ara rẹ̀ kọ̀. Òun náà fún un ní ìpara. Ọdún ń gorí ọdún, àmì náà gòkè dé apá, ó nípọn, ó pọ́n. Àwọn oníbàárà ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kọjá.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé, ó tẹ́ ìborùn sórí àga kó tó jókòó.

"Àbúrò mi, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ná. Wọ́n ní ìwọ lò ń pín làpálàpá káàkiri."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn."

"Gbogbo èèyàn ò lórúkọ ni? Ẹ dárúkọ ẹnìkan!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ìborùn abẹ́ ìdí rẹ̀ tẹ́. Oríńdán wo ìborùn yẹn títí, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Nígbà tí kókó sọ lábẹ́ itan rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà awọ ara, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, gé ẹran díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Èsì dé.

"Bàbá, kì í ṣe làpálàpá. Jẹjẹrẹ ni. Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá wa gbógun ti àìsàn. Tiyín ló ya ọlọ̀tẹ̀, wọ́n wá fi awọ ara ṣe ibùdó."

"Ṣé ó máa ń ràn?"

"Kì í ràn rárá."

Oríńdán gbá tábìlì. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò gé e wò látọjọ́ yìí?"

"Ó ṣọ̀wọ́n, sà. Dókítà míì á ṣiṣẹ́ títí á fi fẹ̀yìn tì láì rí ẹyọ kan. Níbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń jọ làpálàpá."

"Lára tèmi, ṣé ó ṣọ̀wọ́n?"

Ìyàwó ló béèrè bóyá ó máa pa á.

"Àwọn tá a bá tètè mọ tiwọn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń dàgbà dàrúgbó pẹ̀lú rẹ̀. Tiyín ti pẹ́, ó ti wọ kókó abẹ́ itan yín. Mi ò lè ṣèlérí pé ó máa lọ pátápátá, àmọ́ a lè dá a lẹ́kun, ọdún gidi ṣì lè wà níbẹ̀."

Wọ́n ń fa oògùn sí i lára, wọ́n sì ń mú un dúró níhòòhò nínú àpótí iná tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tọ́jú awọ ara. Ìyún náà rọlẹ̀, àmì náà ń ṣá. Ló bá kọrí sọ́dọ̀ dókítà àkọ́kọ́, ó ká apá aṣọ sókè.

"Ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀ lára ẹlòmíì."

Dókítà wò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ti pàdé rí?"

Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Àwọn kan wá, ọ̀pọ̀ ò wá, òun náà kì í sì í kí àwọn tí ò wá. Ìyàwó rẹ̀ ní kó fi ìbínú sílẹ̀.

"Òun ló ń gbé mi dìde láàárọ̀."

"Bó bá ń gbé yín dìde, ẹ ní kó bá wa gbé garawa omi yìí."

Ó fajú ro, ó sì gbé e.