Ajá Màmá Bọ́tìnnì àti Ògiri Ẹsẹ̀ Bàtà Márùn-ún

Bí ẹ bá rí obìnrin kúkurú kan ládùúgbò wa tó dá àlejò dúró lójú títì, tó ní bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti fẹ́ já, kó jẹ́ kí òun bá a rán an mọ́ ibẹ̀, Màmá Bọ́tìnnì nìyẹn. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ilé wa fara kan ara, fèrèsé yàrá mi sì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kì í ṣojú mi. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ibi tí wọ́n la fèrèsé sí ni.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ kó lọ síbòmíràn nítorí iṣẹ́, ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bó bá fẹ́ jẹun, á tan rédíò, kì í sì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kí ohùn èèyàn ṣáà lè wà nínú ilé lòun ṣe ń tàn án. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Ilé kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí kò ní ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n ní kó bá àwọn rán ogún aṣọ mátíràsì fún àwọn ajá náà. Ọjọ́ tó kó wọn lọ, bó ṣe dúró tó ń kà wọ́n, ajá àgbà kan tí irun ẹnu rẹ̀ ti funfun wá jókòó lé e lẹ́sẹ̀, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní Ìsáǹsá làwọn ń pè é. Ẹni méjì ti mú un lọ rí, àwọn méjèèjì ló sì dá a padà, torí bí wọ́n bá ti yíjú báyìí, á fo fẹ́ǹsì, á gba títì lọ. Tó bá fi lè padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò ní fi í fún ẹnikẹ́ni mọ́. Màmá Bọ́tìnnì ní ó tó, ajá náà gan-an lòun ń mú lọ.

Ẹ má rò pé èèyàn kàn lè fa ajá lọ́rùn wálé bẹ́ẹ̀. Òfin wà. Ajá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó ní ìwé àṣẹ, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ti ajá tó bá ti sá rí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ògiri ọgbà gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ tí ajá ń tẹ̀. Lọ́jọ́ keje, wolé-wolé á wá yẹ ilé wò. Bí nǹkan kan bá dín, ajá á bá a padà. Màmá Bọ́tìnnì mú ajá lọ gba abẹ́rẹ́, ó gba ìwé àṣẹ, ó fi awọ rán ìgbànú ọrùn fún ajá, ó sì kan bọ́tìnnì pupa kan mọ́ ọn, èyí tí òfin kò béèrè.

Ògiri ló kù, kò sì ga ju ìbàdí mi lọ nígbà yẹn. Ó ké sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ bíríkìlà. Ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ti gbàgbé téèpù tirẹ̀ síbi iṣẹ́, ló bá mú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Kò tiẹ̀ wo nọ́ńbà. Ó ní ta ni kò mọ̀ pé ọgọ́ta íǹṣì ni téèpù aránṣọ láti orí dé ìdí, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún géérégé. Ibi tí téèpù parí sí ló parí ògiri sí. Ó fi sìmẹ́ńtì pa orí rẹ̀ dán, ó jẹun yó, ó lọ.

Wolé-wolé dé lọ́sàn-án ọjọ́ keje, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó ka nọ́ńbà ọrùn ajá, ó yẹ àwọn ìwé wò, gbogbo rẹ̀ pé. Ó na téèpù onírin rẹ̀ sára ògiri. Ó tún un nà. Ó ní ó fi íǹṣì méjì dín. Bíríkìlà, tó ti wá dúró de ìyìn, jiyàn pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé, ó sáré wọlé lọ mú téèpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Wolé-wolé gbé e sún mọ́ ojú. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà lórí rẹ̀, ẹẹ́ta ni.

Ojú Màmá Bọ́tìnnì wálẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí orí téèpù náà ti ṣá, tó sì fi àlùmọ́gàjí gé íǹṣì méjì kúrò níbẹ̀. Bó bá wọn èèyàn tó rí ogójì, méjìdínlógójì ló máa kọ sílẹ̀. Orí rẹ̀ ti ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀ débi pé ó ti gbàgbé pé téèpù náà kò pé. Àbúrò rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò ra òmíràn. Ó ní èyí ti mọ́ òun lọ́wọ́.

Bíríkìlà ní òun á fi kún un lójú ẹsẹ̀. Wolé-wolé ní sìmẹ́ńtì tútù kì í ṣe ògiri. Ilé mẹ́ta ló kù tí òun fẹ́ yẹ̀ wò ládùúgbò, òun á sì tún gba ibí kọjá kí aago mẹ́rin tó lù. Bí ògiri kò bá pé nígbà náà, òun á gbé ajá lọ.

Màmá Bọ́tìnnì dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ. Látọjọ́ tó ti dé ni mi ò ti tan rédíò mọ́."

Obìnrin náà rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bíríkìlà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wo ìdí ògiri. Ó gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, láti ilẹ̀ tí ajá ń tẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, àbí? Bí ògiri ò bá lè gòkè, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀rín ni mo yọrí lójú fèrèsé láti rín, wọ́n bá ní kí n sọ̀ kalẹ̀ wá gba ṣọ́bìrì. Bíríkìlà ń fi ọkọ́ wa ilẹ̀ ìdí ògiri, Màmá Bọ́tìnnì ń ṣa òkúta, èmi ń fi bárò kó iyẹ̀pẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Iṣẹ́ náà wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí a ò mọ ìgbà tí wákàtí mẹ́ta fi kọjá. Ìbàdí ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Wolé-wolé padà dé. Ó wọn ògiri lójú mẹ́ta, ó pé, ó tún lé díẹ̀. Ó wo kòtò tí a gbẹ́, ó wo àwa mẹ́ta tí iyẹ̀pẹ̀ kùn dé orúnkún, ẹnu rẹ̀ fẹ́ já sí ẹ̀rín, ó pa á mọ́ra. Ó yọ bírò, ó wá béèrè ibi tí ajá wà.

Gbogbo wa bojú wẹ̀yìn. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èmi ni mo ṣí i nítorí bárò, mi ò sì rántí tì í láti ọ̀sán.

Màmá Bọ́tìnnì ju òkúta ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sáré bọ́ sí títì, ó ń pe Ìsáǹsá. Kò sí ajá lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì. Ó jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí mo dà síbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó bú sẹ́kún. Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, wọn ò ní fi í fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ojú tì mí dé eegun.

Ìgbà náà ni Ìsáǹsá yọ lẹ́nu géètì, láti inú ilé. Òwú funfun lẹ̀ mọ́ ọn nímú; abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló sùn sí láti ọ̀sán. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i. Ó rìn lọ bá a, ó fi eyín mú etí aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Wolé-wolé fara ti òpó géètì, ó ń kọ̀wé. "Màámi, mo ti kọ ọ́ síbí pé kò sá," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ sá jáde. Òun ló wá ń fà yín wọlé."

Ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó nà án sí i. Ọwọ́ Màmá Bọ́tìnnì méjèèjì wà lọ́rùn ajá, èmi ni mo bá a gbà á.