Irọ́ Tí Kóòṣì Ládiméjì Ń Pè Ní Pressure

Kóòṣì Ládiméjì ni. Mo ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, kó má di pé mò ń fọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ọkùnrin yẹn fi ojú mi rí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kétu lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tẹ́bù tẹ́nìsì ni mò ń gbá. Mo sì mọ̀ ọ́n gbá! Kóòṣì Ládiméjì ló ń kọ́ wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú ẹni tó máa ṣojú ìpínlẹ̀, ó ku èmi àti Fúnmi, àbúrò ìyàwó Kóòṣì. Mò ń nà án bọ̀. Ni Kóòṣì bá rọra wá bá mi, ó sọ sí mi létí pé ọkọ̀ ti gbá ìyá mi ní Mile 12, pé bóyá ni n ó bá a láàyè.

Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Mo ju bátì sílẹ̀, ó di ilé wa ní Ìkòsì! Ìyá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán ṣòkòtò, ó tiẹ̀ ń kọrin. Ó ní ta ló ń lé mi.

Kí n tó padà, wọ́n ti mú Fúnmi. Kóòṣì wá sọ lójú gbogbo èèyàn pé pressure lòun fi dán mi wò, pé mi ò lọ́kàn. Bí mo ṣe di Bísí Sálọ nìyẹn. Mo ti lọ́mọ-ọmọ báyìí o, àwọn ẹgbẹ́ mi kan ní Kétu ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe Kóòṣì Ládiméjì wá sí Kétu kó wá kọ́ àwọn kóòṣì àdúgbò wa bí wọ́n ṣe ń fi pressure múra eléré ìdárayá ńlá sílẹ̀. Èmi náà lọ, torí mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìkòsì. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ wo ló kọ́kọ́ mú? Bísí Sálọ! Ó sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kóòṣì kékeré kan bi í pé, “Daddy, ṣé kí àwa náà máa parọ́ fún wọn ni?” Ó ní, “Kóòṣì tó bá ń ṣàánú ò lè gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù.”

Mo dìde. “Ẹ káàsán, sà. Èmi ni Bísí Sálọ.”

Gbogbo ilé yíjú sẹ́yìn. Ẹnì kan ní, “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.” Mo ní n ò jókòó, mo ti jókòó tó!

Mo sọ fún wọn pé èmi náà ń lo pressure. Orí àmì mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, níbi tí eré ti fẹ́ parí, ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn á máa pariwo, wọ́n á máa lu abọ́, ẹni tó bá pàdánù ló máa gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn ṣáájú. Tá a bá ṣe tán, a ó jókòó sọ bí àyà ṣe já àti bí wọ́n ṣe ṣe é tó fi rọlẹ̀.

Mo wá bi í pé, “Sà, kí ló dé tí ẹ ò dán Fúnmi wò?”

Ó wúkọ́. Ó béèrè omi. Kóòṣì kékeré yẹn ní, “Daddy, ẹ dá Mummy lóhùn.” Omi náà ló tún béèrè. Ẹni tó ní kí n jókòó ló tún gbé àga wá síwájú fún mi, tó ń pè mí ní Kóòṣì Bísí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin eléré, ẹ bi ẹni tó ń kọ́ yín pé kí ni ìnira òní wà fún. Tí kò bá lè dáhùn lójú gbogbo èèyàn, ibi ló ń ṣe yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fìyà jẹ yín rí tó ní ẹ̀kọ́ ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má tijú.

Àwọn kan ń bi mí bóyá ó bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí o! Nígbà tá a ń jáde, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bísí, o mọ̀ ọ́n gbá ju Fúnmi lọ. Kò sọ́nà míì tí mi ì bá fi gba ipò yẹn lọ́wọ́ ẹ fún un.”