Nígbà Tí Mo Rù, Àbúrò Mi Ti Ń Pín Ogún Mi

Mo rántí ìgbà tí ikùn mi máa ń ṣáájú mi wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá ni mí ní sẹkitéríàtì l'Ádó-Èkìtì nígbà náà, àwọn tó wà lábẹ́ mi kì í sì í kí ojú mi, ikùn ni wọ́n ń kí. "Ọ̀gá wa, owó ń bẹ níbẹ̀ yẹn o!" ni wọ́n máa ń wí. Èmi òpè náà á máa fọwọ́ pa á, bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo máa ń dúró mí kanlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí n tó dé òkè, tàbí pé orúnkún kì í jẹ́ kí n sùn.

Nítorí orúnkún yìí, ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti fojú kan oko kòkó tí mo rà sí ọ̀nà Ìgèdè. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn ín láti etí títì. Àbúrò mi, ọmọ bàbá mi, ni mo fi oko náà lé lọ́wọ́. Bó bá ti ta kòkó, á wá jíṣẹ́ fún mi, èmi náà á sì máa yìn ín kiri ẹbí pé irú àbúrò báyìí ṣọ̀wọ́n.

Dókítà tó dá mi dúró lójú ọ̀nà ikú, ọmọbìnrin kan ni, kò ju àkọ́bí mi lọ. Ó wo èsì àyẹ̀wò mi, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ jókòó níbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ yín ni, àbí kí wọ́n gbé fọ́tò yín síbẹ̀?" Ṣúgà ti wọnú ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń ru. Ó kọ abẹ́rẹ́ kan fún mi, èyí tí wọ́n ń gún sí awọ ikùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kì í ṣe idán o: mo gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà, mo sì gbọ́dọ̀ máa rìn, kí agbára má baà bá ọ̀rá lọ.

Ìyàwó mi ló ń gún un fún mi. Oṣù àkọ́kọ́, ayé sú mi. Èébì ń gbé mi, mò ń gùnfẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin tó ti bàjẹ́ mì, ilé ìgbẹ́ sì di ibi tí mo ti ń jókòó lásán. Èyí tó dùn mí jù ni ti iyán. Èmi ọmọ Èkìtì! Ìyàwó mi á gún iyán funfun, á gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tì í. Òkèlè díẹ̀, mo ti yó. Màá wá jókòó, màá máa wo èyí tó kù bí ẹni ń wo amọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ara gbà á. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí mi, mo sì ń sùn wọra bí ọmọ ọwọ́.

Ara mi ń yá, àwọn èèyàn ń dárò mi. Àwọn tó ń kí ikùn mi ò rí nǹkan kí mọ́, wọ́n wá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rẹ́ ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Tèmi, ọ̀rá lásán ni wọ́n ń rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan tí n kò bá sọ̀rọ̀ rí gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní kí ẹ̀mí tó ń jẹ mí lára jáde. Mo dúró kí ó ṣe tán, mo ní ẹ ṣeun, mo sì lọ wakọ̀ mi.

Ti àbúrò mi ló lágbára jù. Ẹni tí kì í yọjú bí kò bá nídìí, ó di ẹni tó ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, tí á jókòó tì mí, tí á máa mí kanlẹ̀. Mo sọ fún un pé abẹ́rẹ́ dókítà ni.

Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ wo ló ń mú èèyàn gbẹ? Abẹ́rẹ́ tí èmi mọ̀, kéèyàn lè sanra padà ni wọ́n ṣe ń gún un."

"Èyí yàtọ̀."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú yín, ẹ sọ ọ́ fún mi. Àwọn ọmọ yín ò mọ gbogbo ohun tí ẹ ní. Ẹ má jẹ́ kó di àwátì."

Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo tiẹ̀ bá a ra mínírà kan lọ́jọ́ náà.

Ní gbogbo àsìkò yìí, mò ń rìn bí dókítà ṣe wí. Mo kọ́kọ́ ń rìn dé ìkóríta, kó tó di pé mò ń gun òkè Òkè-Ìlá ní àlọ àti àbọ̀ láìdúró. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi dé oko, kí n fi ya àbúrò mi lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ mú omi dání o."

Mo rìn ín, orúnkún kò sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe wọ abẹ́ kòkó ni mo gbọ́ tí wọ́n ń kan nǹkan mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí mú okùn ìwọnlẹ̀ dání. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ̀yin náà lóko nítòsí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni eléyìí? Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá rárá, wọ́n ní kò lè rí Kérésì. Àbúrò rẹ̀ ló ń tà á fún mi kí wàhálà ogún tó dé."

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni mo wí.

Àbúrò mi ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú, tó kẹ̀yìn sí wa, tó ń kan èèkàn. Ó gbọ́ ohùn mi, ó yíjú padà, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní kí ẹbí má baà..."

"Máa kàn án lọ," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n fi àyè ibojì mi sílẹ̀."

Oníbàárà rẹ̀ ká okùn, ó bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi náà yíjú padà sí ọ̀nà títì. Àbúrò mi ń sáré tẹ̀ lé mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń pè, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, ẹ jẹ́ a lọ sọ ọ́ nínú ulé." N kò rọra. Igún pàápàá ní sùúrù jù ú lọ, igún máa ń dúró kí ẹran kú tán.

Mo gba oko mi padà. Àwọn àgbà ẹbí wá bẹ̀ mí, mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ pé mo ti dárí jì í, wọn ò sì bi mí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Dókítà ti dín abẹ́rẹ́ náà kù, ẹran ara díẹ̀ sì ti padà. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé àwa Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń kí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ rù. Àfi ká bá a kẹ́dùn. N kò bínú sí ẹni tó bá ṣe é láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dúró lẹ́nu géètì mi, tó ní, "Ẹ̀yin náà ti rù jù, ṣé kò sí?", mo máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa kí n tó dáhùn, kí n lè mọ̀ bóyá èmi ló ń wò, àbí ilé tó wà lẹ́yìn mi.