Gàrí Nìkan Ló Kù

Ìyá ọkọ mi da gàrí sí oúnjẹ àlejò mi lónìí!

Mo po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ mílíìkì àti ṣúgà, mo lù ú títí tó fi fúyẹ́ bí òwú. Kò nílò iná rárá. Mo gbé e sí fíríìjì kó lè dì de àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo ti ọjà Effurun dé, mo bá abọ́ náà lórí itan Màmá.

"Màmá, kí lèyí?"

"Ẹ̀pà rèé, mílíìkì rèé, ṣúgà rèé, ó sì tutù. Ìyàwó, gàrí Ìjẹ̀bú nìkan lo gbàgbé."

Ọmọ mi ń lá ṣíbí: "Mummy, e sweet die!"

Mo ní kí n tọ́ ọ wò kí n tó bínú.

Ṣíbí kan di méjì, kí n tó mọ̀, abọ́ ti ṣófo. Àlejò ti dé géètì. Gàrí nìkan ló kù. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?