Olùkọ́ Jọ́gíráfì Tó Jáde ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí olùkọ́ jọ́gíráfì wa ní Erunmu bá gbọ́ irọ́, wọn á pòṣé bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wòlíì ìjọ wa ní ẹ̀ṣẹ̀ ló jẹ́ kí ìgbì òkun gbá abúlé kan lọ létí òkun Páṣífíìkì. Ìjọ hó yèè. Olùkọ́ dìde.

“Ilẹ̀ abẹ́ òkun ló ya lójijì, tó taari omi sókè. Ilẹ̀ sábà máa ń mì níbẹ̀. Àwọn ìkókó tómi gbé lọ, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n dá?”

Wòlíì ní kí olùkọ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Wọ́n pòṣé, wọ́n jáde. Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé wọn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, síbẹ̀ mo jókòó. Ọ̀rọ̀ ara mi ṣì ń rí mi lára.